Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìrántí tíṣà yín obìnrin tó ti dolóògbé

Ẹ má tíì sáré lọ mú aṣọ ẹbí ní Balógun o, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn ọmọ màmá ná, torí àwọn míì ò fẹ́ kí fọ́tò ìyá wọn máa káàkiri lórí WhatsApp.

Tí wọ́n bá ti gbà, ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn tó kọ́. Ẹ má kàn ní kí wọ́n "sọ nǹkan nípa màmá", gbogbo wọn á ní èèyàn dáadáa ni, ó parí. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣe gúnmọ́: kí ló máa ń sọ tí kíláàsì bá ń pariwo, ta ló bá san owó WAEC? Kí wọ́n sọ ọ́ sínú fọ́ọ̀nù, àwọn àgbà ò ráyè àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn. Fọ́tò àtijọ́ ńkọ́? Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi rọra kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀, báírò lè yọ síwájú.

Èmi ò fara mọ́ kéèkì àti DJ nìkan ṣá. Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams tó kú ní 2022, Queen's College ló lọ, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní UNILAG, òun sì lobìnrin àkọ́kọ́ tó di VC, ìyẹn ọ̀gá àgbà yunifásítì, ní Nàìjíríà, ní University of Benin, 1985. Ìṣirò niṣẹ́ ẹ̀, nítorí náà ẹ̀bùn fún ọmọbìnrin tó mọ ìṣirò jù ló bá irú wọn mu. Iṣẹ́ tí tíṣà tiyín náà kọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀bùn tiyín, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà nípa ẹ̀ sí pírínsípà kí táámù tó parí.