Bí mo ṣe lé aràn kúrò lára Bingo

Ìrẹsì ni mo kọ́kọ́ pè é o. Mo ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, mo rí hóró funfun lórí àkísà tí Bingo ń sùn lé, mo ní àwọn ọmọ yìí tún ti fún ajá lóúnjẹ, àfi bí hóró kan ṣe rọra sún. Mo ju ìgbálẹ̀ nù!

Aládùúgbò ní kí n lo ivermectin, mo lò ó, ìrẹsì ò dáwọ́ dúró (àṣé oògùn yẹn ò ran aràn pẹlẹbẹ rárá). Mo bá bu hóró mẹ́ta sínú ọ̀rá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní Yábàá. Ó fi sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ní kí n wò ó: ihò kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lósì. Ó ní Dipylidium caninum nìyẹn, irú aràn pẹlẹbẹ kan; Taenia tó jẹ́ ìbátan ẹ̀, ihò kan ṣoṣo ni oríkèé ẹ̀ máa ń ní. Àní oríkèé lohun tí mo pè ní ìrẹsì, ẹyin ló kún inú ẹ̀, ìdí aràn ló ti ń já bọ́, tọrùn ń hu tuntun. Kò lẹ́nu, kò nífun, awọ ara ló fi ń mu oúnjẹ ajá. Olè pọ́ńbélé!

Wọ́n wọn kílò Bingo, wọ́n fún un ní praziquantel, oògùn aràn pẹlẹbẹ, mo fi ṣàkì bò ó, ó gbé e mì. Mo ń retí kí aràn jáde kí n rí gígùn ẹ̀, kò jáde, inú ajá ti dà á bí oúnjẹ.

Kò pé oṣù kan, ìrẹsì tún dé. Mo pe dókítà tìbínútìbínú, ó ní, “Bọ̀dá, kòkòrò tí mo ní kẹ́ ẹ pa ńkọ́?” Ẹnu mi wọhò. Kì í ṣe eégbọn o, flea ni, èyí tó máa ń fò nínú irun. Ọmọ ẹ̀ ló ń jẹ ẹyin aràn lórí àkísà, aràn á wà nínú ẹ̀ títí táá fi dàgbà, ajá á họra, á fi eyín pa á jẹ, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé tó bá ṣèèṣì gbé flea mì náà lè kó o.

Mo dáná sun àkísà, mo fi omi gbígbóná fọ ilẹ̀, mo kán oògùn flea sí Bingo lẹ́yìn ọrùn, a tún lo tábúlẹ́ẹ̀tì. Aṣọ dúdú ló ń sùn lé báyìí, kí hóró funfun kan má ríbi sá sí.