Àpótí Géèmù Orí Tábìlì: Bí Ìdílé Ṣe Lè Kàn Án Láìná Owó Púpọ̀

Àpótí géèmù ni ẹ̀rọ ìṣeré tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tó ní ọ̀pá tí a fi ń darí ohun tó wà lójú rẹ̀, tó sì ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀. Àwọn gàgàrà rẹ̀ ni wọ́n ń kó sí gbọ̀ngàn ìṣeré nígbà tí géèmù Space Invaders jáde ní ọdún 1978 tí Pac-Man sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Èyí tí ìwé yìí dá lé lórí kéré sí ìyẹn. Orí tábìlì ni yóò máa wà, ẹnì kan lè dá a gbé, ìdílé tó bá sì ní ayùn, díríìlì àti sùúrù lè kàn án. Ohun tó sábà máa ń sọ iṣẹ́ yìí di ọ̀wọ́n ni kí a máa ra ohun tí a lè rí ní àlòkù. Ìmọ̀ràn wa ni pé ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń ṣeré yóò máa bà, ìyẹn ọ̀pá àti bọ́tìnnì, ni kí ẹ náwó sí, kí ẹ sì fi àlòkù ṣe gbogbo ìyókù.

Ojú ẹ̀rọ àti ọpọlọ rẹ̀

Mọ́nítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí òun ni yóò sọ bí àpótí náà yóò ṣe fẹ̀ tó. Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ti àtijọ́, oní-ínǹṣì 17 tàbí 19, tí ìbú àti òró rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, bá àwọn géèmù àtijọ́ mu ju mọ́nítọ̀ gbọọrọ òde òní lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ tàn án sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó sanwó, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá gbóná tán ni wọ́n tó máa ń ṣẹ́jú. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní ihò skúrù mẹ́rin tó fi mìlímítà 75 tàbí 100 jìnnà síra, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti dè é mọ́ igi.

Ẹ má ṣe tú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá láti fi ojú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Gíláàsì inú rẹ̀ lè di iná alágbára mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ìyẹn sì lè ṣe ẹni tó bá fọwọ́ kàn án léṣe gidigidi.

Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2012 tí kò sì ju káàdì báńkì lọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ọpọlọ àpótí wọn. Èyí tó jáde ní ọdún 2016, ìyẹn Raspberry Pi 3, ti tó fún àwọn géèmù tí a ń sọ yìí, kò sì sí ìdí láti ra èyí tó dé kẹ́yìn. Fóòtì 5 àti áńpíà 2.5 ni iná tó ń fẹ́. Bí ẹ bá fi ṣájà fóònù tí kò lágbára sí i, àmì mànàmáná kékeré yóò máa hàn ní igun òkè mọ́nítọ̀, géèmù yóò sì máa fà. Bí ihò HDMI, tí Raspberry Pi fi ń gbé àwòrán jáde, kò bá sí lára mọ́nítọ̀ àtijọ́ náà, tó jẹ́ VGA, ihò àwòrán ti àtijọ́, nìkan ló ní, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí HDMI padà sí VGA ni kí ẹ rà. Wáyà lásán tí a fi so àwọn méjèèjì pọ̀ kò lè ṣe é. Ẹni tó bá ní laptop àtijọ́ kò tilẹ̀ nílò gbogbo èyí, àfi tí bátìrì rẹ̀ bá ti wú: ẹ má ṣe kó irú rẹ̀ sínú àpótí rárá.

Páálí ṣáájú pákó

Ẹ kọ́kọ́ fi páálí kan gbogbo àpótí náà kí ẹ tó fi ayùn kan pákó. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi tépù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ gbé mọ́nítọ̀ sí ìdúró tí yóò wà, kí ó fẹ̀yìn díẹ̀ kí iná àjà má baà máa tàn sí i lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ to ìdérí ìgò onírin sí ibi tí bọ́tìnnì yóò wà, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bọ́tìnnì ní fífẹ̀, kí olúkúlùkù tó ń gbé inú ilé náà sì wá gbé ọwọ́ lé e. Ẹ óò rí i pé ìka kì í tò gbọọrọ bí rúlà, torí náà ẹ jẹ́ kí ìdérí náà tẹ̀ bí ìka ṣe tẹ̀. Láti àárín bọ́tìnnì kan dé àárín èkejì, mìlímítà 36 tó. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú fún ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì wọn bí abẹ́ ọ̀pá náà ṣe jìn tó, nítorí àpótí tí kò jìn kò ní gbà á.

Gígé àti lílu

Plywood tàbí MDF (pákó tí a fi igi lílọ̀ àti àtè ṣe) tó nípọn ní mìlímítà 12 dára. MDF máa ń dán, ó sì máa ń gba ọ̀dà dáadáa, ṣùgbọ́n omi máa ń bà á jẹ́, etí rẹ̀ sì máa ń là bí a bá fi skúrù kàn án láìkọ́kọ́ lu ihò. Plywood ni àwa fara mọ́, nítorí ó fúyẹ́ ó sì máa ń di skúrù mú. Èyí tó wù kí ẹ lò, ìta ni kí ẹ ti gé e pẹ̀lú ìbòmú, pàápàá MDF, torí eruku rẹ̀ kúnná púpọ̀, àtè tó wà nínú rẹ̀ kò sì dára fún èémí. Ẹ di pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó gé wọn, kí wọ́n lè bá ara wọn dọ́gba. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan igun inú, kí ẹ sì lu ihò kékeré ṣáájú skúrù kọ̀ọ̀kan.

Ihò bọ́tìnnì ni ó gba ìfarabalẹ̀ jù. Oríṣi kan ń fẹ́ ihò mìlímítà 30, òmíràn ń fẹ́ 28, bọ́tìnnì kékeré ìbẹ̀rẹ̀ géèmù sì sábà máa ń fẹ́ 24. Ẹ tún wo ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á: èyí tí a kàn ń tẹ̀ wọlé ni wọ́n ṣe fún irin tàbí ike fẹ́lẹ́, kò sì ní fi eyín mú pákó mìlímítà 12. Èyí tó ní ọrùn gígùn àti nọ́ọ̀tì ni ó yẹ pákó. Ẹ lu ihò kan sára àjákù pákó, kí ẹ fi bọ́tìnnì dán an wò. Nígbà tí ẹ bá wá ń lu pákó gan-an, ẹ fi àjákù mìíràn sábẹ́ rẹ̀, kí díríìlì má baà fa abẹ́ náà ya nígbà tó bá ń jáde.

Pákó ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ pa afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀, kí ooru lè máa jáde.

Wáyà

Bọ́tìnnì àti ọ̀pá kò ní bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní USB encoder ló wà láàárín wọn, wáyà méjì-méjì sì ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Kì í gba kí a fi òjé yíyọ́ jó wáyà mọ́ ọn. Ẹ kàn máa tì í bọ ihò rẹ̀ ni. Lábẹ́ ọ̀pá tí a sábà máa ń rà, súwíìṣì mẹ́rin ló wà. Bí ẹ bá ti orí ọ̀pá náà sókè, súwíìṣì ìsàlẹ̀ ni ẹ óò gbọ́ tó dún kẹ́, nítorí ìdí ọ̀pá ń lọ sí òdìkejì orí rẹ̀. Àìmọ èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn so ó sódì, pípààrọ̀ wáyà sì ni àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀pá míì ní ike onígun mẹ́rin lábẹ́ tí a lè yí padà, kí ó lè gba ọ̀nà mẹ́rin nìkan dípò mẹ́jọ. Pac-Man máa ń rọrùn láti darí bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó dé àpótí. Ní ti iná ilé, ẹ má ṣe gé wáyà mọ́nítọ̀ tàbí ti ṣájà láti so wọ́n pọ̀. Ẹ gbé extension kékeré sínú àpótí, kí wáyà kan ṣoṣo jáde lẹ́yìn, kí ẹ sì dè é mọ́ igi kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ má baà fà á já.

Géèmù

RetroPie, Lakka àti Batocera jẹ́ sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí a ń kọ sórí mẹ́mọ́rì káàdì, káàdì 32GB sì tó. Pé sọ́fúwíà jẹ́ ọ̀fẹ́ kò sọ pé géèmù jẹ́ ọ̀fẹ́: ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ ṣì ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ wọn lábẹ́ òfin. Àwọn tó ń ṣe MAME, sọ́fúwíà tó ń mú géèmù inú àwọn àpótí àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tó ti wà láti ọdún 1997, kó àwọn géèmù kan tí àwọn tó ni wọ́n ti yọ̀ǹda sórí ìkànnì wọn fún ẹni tí kì í ṣe owó ló fẹ́ fi wọ́n pa; Gridlee àti Robby Roto wà lára wọn. Àwọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣeré tán, orí mẹ́nù ni kí ẹ ti pa kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó yọ iná, nítorí yíyọ iná lójijì lè ba ohun tó wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì jẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà káàdì náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.