Ọ̀kadà ìhìnrere tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà Ìkìrun, àti gbèsè tí mo fi ji ẹni tó tà á

Náírà 148,500 ni mo ná sórí ọ̀kadà tí a rà ní 520,000, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó dé ọwọ́ mi. Ẹni tó tà á fún wa kì í ṣe àjèjì. Ará ìjọ wa ni, ẹ̀gbọ́n tí a jọ máa ń di ọwọ́ ara wa mú gbàdúrà ní àìsùn ọjọ́ Ẹtì. Ká ní ẹni tí n kò mọ̀ rí ló ṣe é ni, ǹ bá ti gbàgbé. Èyí há mi lọ́fun.

Owó tí a fi rà á kì í sì í ṣe owó mi. Iṣẹ́ ìhìnrere ni wọ́n dá a fún. Ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo mú 10,000 wá, ó wé e sínú ọ̀rá, ó ní kí n má dárúkọ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń bá wa jọ́sìn yọ nínú owó tí ìjọba ń fún un. Odindi oṣù mẹ́jọ la fi kó o jọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà dákú, ojú àwọn wọ̀nyí ni mo kọ́kọ́ rí.

Bí a ṣe sanwó, bí a ṣe gbàdúrà sí ọ̀kadà, bí mo ṣe kọ́ ọ gùn, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ibi tí ó ń gbé mi lọ ni kí ẹ mọ̀. Abà kan ni, lọ́nà Ìkìrun. Tí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú títì, ó ku ìrìn bíi wákàtí kan àtààbọ̀ láàárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́. Ọdún méjì ni mo fi ẹsẹ̀ rìn ín ní Sátidé Sátidé, òjò ìbáà rọ̀, n kò sì pa á jẹ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ọmọ mọ́kànlá ló ti ń ka Bíbélì fúnra wọn níbẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ A yàtọ̀ sí B nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ọ̀kadà wá jẹ́ kí n lè dúró di àdúrà ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, kí n sì lè gbé aláìsàn wá sí Òṣogbo.

Sátidé kẹfà ni ó kọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ó ti ń rú èéfín, mò ń da ọ́ìlì sí i, ó ń mu ún bí ẹni ń mu omi. Lọ́jọ́ yìí, ìyá àgbàlagbà kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu ni mo gbé sẹ́yìn, à ń ti ilé ìwòsàn ní Òṣogbo bọ̀. Ohun kan dún gbà! lábẹ́ wa, táyà ẹ̀yìn há, a sì wọ́ lọ sínú koríko. Ọlọ́run yọ wá, kò sí ẹni tó fara pa. Ìyá fi ẹsẹ̀ rìn padà sí abà nínú òòrùn, ó di báàgì oògùn rẹ̀ mọ́ àyà, èmi sì ń ti ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe onígbàgbọ́, Álfà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó fi àkísà nu píṣítọ́nù, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná tọ ojú ọgbẹ́ tó wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú ríǹgì tó yí i ká ti gé sí méjì. Ó ní wọ́n ti bọ́ọ̀rì ẹ́ńjìnnì yìí rí, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ nítorí ó ti jẹ, wọ́n wá da ọ́ìlì tó ki bí oyin sí i kí ó má baà pariwo lọ́jọ́ tí wọ́n ń tà á. “Pásítọ̀, ẹni tó ta èyí fún yín mọ ohun tó ń ṣe.” Ó bi mí pé ta ni. N kò lè dá a lóhùn. Ojú tì mí láti sọ fún Mùsùlùmí pé arákùnrin mi nínú Olúwa ni.

Ibí yìí ni èmi náà ti ṣìṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Mátíù 18:15 kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, kí o sọ ẹ̀bi rẹ̀ fún un láàárín ìwọ àti òun nìkan. Ẹsẹ 16 ni ẹlẹ́rìí ti dé, ẹsẹ 17 ni ìjọ tó gbọ́. Mo ti fi ibẹ̀ wàásù láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, kí n tó kúrò ní ìsọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti pe alàgbà lórí fóònù. Mo fo ẹsẹ 15 kọjá. Nígbà tó di Ọjọ́rú, èmi ni ìwàásù kàn, mo bá ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí karùn-ún, Anáníà àti Sáfírà tí wọ́n yọ nínú owó tí wọ́n sì purọ́. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń wo ìjókòó Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí mò ń bá wí. Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ló gbè mí.

Àwọn alàgbà ní kí n ní sùúrù. Àárín oṣù Kẹsàn-án ni, Ẹ̀gbọ́n sì ni alága ìgbìmọ̀ ìkórè lọ́dún náà, wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìkórè. “Ẹ jẹ́ kí ìkórè kọjá ná, Ajíhìnrere. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.” Mo gbà. Ìkórè bọ́ sí oṣù Kọkànlá. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ó ti ń ká agbádá sí èjìká, tí ó ń ná owó fún àwọn èèyàn níwájú ìjọ. Ìkórè kọjá, wọ́n ní ó ku ìdúpẹ́ ìkórè. Ìdúpẹ́ kọjá, alàgbà tó yẹ kó pè wá jọ ti lọ sí Èkó, ọmọ rẹ̀ bímọ. Ó dé, wọ́n ní a ti wọ inú àwẹ̀ ìparí ọdún, kò yẹ kí á máa tú ẹjọ́ nínú àwẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá gbáko! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú rẹ̀ ni ọ̀kadà fi wà nílẹ̀ ní ìsọ̀ mẹkáníìkì nítorí n kò rówó gbé e, tí mo sì tún padà sí ẹsẹ̀ rírìn. Owó tí mo padà fi gbé e, mo yá a ni. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tó sọ pé mo jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tó sọ pé Ẹ̀gbọ́n jẹ̀bi. Wọ́n kàn ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú bí ẹni ń gbé ẹrù tí kò mọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ tù mí nínú, ó ní ṣebí ẹ̀rọ kátakàta tó ń tẹ ọ̀nà ló dákú mọ́ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ́wọ́ ní 1928, ibẹ̀ ni ìpè Ọlọ́run ti dé bá a, ìpè náà ló sì gbé e dé ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Babalọlá, n kò sì fi ìtàn rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló dá ẹ̀rọ tiwọn dúró. Èèyàn tó mọ̀ pé ríǹgì ti jẹ tán ló dá tèmi dúró. Ó dùn mí pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ mímọ́ bo ohun tó yẹ kí wọ́n là lójú.

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń jẹ ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá, mo dìde, mo lọ jókòó sẹ́yìn, mo ní inú ń run mí. Irọ́ ni. Oṣù Kọkànlá, bákan náà. Oṣù Kejìlá, n kò tilẹ̀ wá irọ́ pa mọ́. Mátíù 5:23 àti 24 ló ń dún létí mi: fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé kò sí ìgbìmọ̀ ìkórè kankan nínú ẹsẹ náà. Kò sí alàgbà tó gbọ́dọ̀ ti Èkó dé. Ohun tí mò ń dúró dè láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ mi ló wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àdúrà. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo máa ń jí gbàdúrà, láti ọdún yìí wá, Àdúrà Olúwa kò sì lọ tán lẹ́nu mi mọ́. Nínú ìwé àdúrà, “dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá” la máa ń kà, ìyẹn ṣì ṣeé gbé mì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá wa sí Mátíù 6:12, “gbèsè” ni ẹ ó bá níbẹ̀: dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dáríji àwọn onígbèsè wa. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ọmọ Òsogùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n sì fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹni tí wọ́n ti fi ara rẹ̀ ṣòwò rí ló ń sọ fún èmi tí mo ní onígbèsè ọ̀kadà pé kí n dárí gbèsè jì. Mo dákẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo mú ìwé àdàkọ kan, mo kọ gbèsè náà síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀rì àti píṣítọ́nù, 38,000. Kọnẹ́tì rọ́ọ̀dù àti bẹ́ríǹgì, 46,500. Kílọ́ọ̀ṣì, 14,000. Ọ́ìlì, 9,000. Iṣẹ́ ọwọ́, 30,000. Owó mọ́tò tó gbé e dé Òṣogbo, 11,000. N kò kọ 520,000 sí i, nítorí owó àwọn tó dá a ni, kì í ṣe tèmi láti fi jì. Akápò ìjọ ni mo fi ọ̀rọ̀ ìyẹn lé lọ́wọ́, ní kedere. Lẹ́yìn náà, mò ń dárúkọ ẹyọ kan lórí ìkúnlẹ̀ lójoojúmọ́: “Olúwa, mo fi 38,000 ti bọ́ọ̀rì ji Ẹ̀gbọ́n.” Tó bá lọ tọkàntọkàn, màá fi báírò fa ìlà gba orí rẹ̀. Tí kò bá lọ, màá fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Kílọ́ọ̀ṣì àti ọ́ìlì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó mọ́tò, 11,000 yẹn, ló gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Tí mo bá ti dé orí rẹ̀, ìyá àgbàlagbà yẹn ni mo máa ń rí nínú òòrùn, pẹ̀lú báàgì oògùn láyà. Kì í ṣe owó ló ń dùn mí níbẹ̀. Ìgbà tí mo pe ìyá náà lórúkọ nínú àdúrà, tí mo sunkún, ni báírò tó lè fa ìlà náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ṣáájú Kérésìmesì, mo lọ sí ilé Ẹ̀gbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, èmi nìkan. N kò sọ fún alàgbà kankan. Kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi, ojú rẹ̀ kò sì tú ká. Nígbà tó dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ìwàásù Anáníà ọjọ́sí, ẹ̀yin ni mo fi í bá wí, n kò sì kọ́kọ́ wá bá yín.” Ó pẹ́ kó tó dáhùn. “Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ajíhìnrere.” Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. N kò rántí àwọn ọmọ náà rí, láti oṣù mẹ́ta.

Mo wá sọ ohun tí mẹkáníìkì rí, mo sọ ọ́ tán, n kò fi ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Kò jẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀rọ kì í bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Inú tún bí mi, orí mi gbóná, mo fẹ́ dìde. Mo rántí ìwé àdàkọ, gbogbo ìlà tí mo ti fà. Mo ní, “148,500 tí mo ná, mo ti fi jì yín níwájú Ọlọ́run kí n tó wá. N kò ní béèrè mọ́, n kò sì ní sọ ọ́ lórí pẹpẹ mọ́.” Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n gbàdúrà. Mo gbà á, kò gùn.

Bí mo bá tún irú rẹ̀ ṣe, ìsọ̀ mẹkáníìkì ni màá ti gba ilé Ẹ̀gbọ́n lọ tààrà, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ́ìlì tó gbẹ lọ́wọ́ mi. N kò ní jẹ́ kí jíjẹ́ ará di ìdí tí a kò fi ní tú ẹ́ńjìnnì wò kí a tó sanwó. Ìfẹ́ kò ní kí a má pe mẹkáníìkì. N kò sì ní dúró kí ẹni tó ṣẹ̀ mí jẹ́wọ́ kí n tó fi jì í, nítorí títí di òní, Ẹ̀gbọ́n kò tíì jẹ́wọ́. Nínú oṣù Kìíní, ó rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí mi pẹ̀lú 40,000 nínú àpòòwé, kò kọ ohunkóhun sára rẹ̀. Mo fi san nínú owó tí mo yá. N kò tíì ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, n kò sì rò pé màá rà, àlááfíà sì wà láàárín wa. Sunday àkọ́kọ́ oṣù náà, mo jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òun ló jókòó níwájú mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ìyá náà lọ gba oògùn. Nígbà tí à ń bọ̀, tí a dé ibi koríko yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù mi mú ṣinṣin, kò sì tú u sílẹ̀ títí a fi kọjá.