Orúkọ ta ló wà lórí Wi-Fi yín?

Àwọn ọmọ wa tó bá ti gba fisà Ìlú Ọba máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní Iléṣà kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀wù òtútù ni wọ́n ń bi mí, àti iye gààrí tí wọ́n lè dì sẹ́rù. Bí mo bá dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Wi-Fi náà la tún fẹ́ kọ́ ni?"

Wi-Fi kọ́ ló ń kó wọn sí gbèsè, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ni.

Nílé níbí, dátà là ń rà. Tó bá tán, ó tán, a ò jẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́hùn-ún, àdéhùn ni, oṣù 12, 18 tàbí 24. Ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì á máa já owó nínú báńkì yín lóṣooṣù, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Bí ẹ bá jáwọ́ kí àsìkò tó pé, wọ́n á ṣírò oṣù tó kù, wọ́n á gba owó lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń mú àlejò. Ilé oníyàrá márùn-ún, ẹnì kan yàrá kan. Ọmọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí áàkáǹtì báńkì. Ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé á ní, "Àbúrò, jẹ́ ká fi orúkọ tìẹ gbà á, gbogbo wa á jọ máa dáwó." Oṣù kìíní, wọ́n dá a. Oṣù kejì, ẹnì kan ní dátà fóònù lòun ń lò. Nígbà tó bá yá, wọ́n á kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fi àwòrán lẹ́tà gbèsè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilé tó ti kó kúrò ni lẹ́tà náà lọ, ó sì pẹ́ nílẹ̀ ẹnu ọ̀nà débi pé ipa bàtà wà lára àpòòwé. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ẹ̀gbọ́n tó ní kó fọwọ́ sí i? Ó ti búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Òṣómàáló ni àwọn ilé iṣẹ́ yìí, àfi pé wọn kì í lóṣòó síwájú ilé ẹni. Àkọsílẹ̀ gbèsè tí àwọn tó ń yáni lówó máa ń yẹ̀ wò ni wọ́n ń kọ ẹni sí, ọdún 6 ló sì ń lò níbẹ̀. Ẹ fẹ́ gba fóònù tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wò ó. Ẹ fẹ́ yáwó ra ilé, wọ́n á wò ó.

Ẹ gbọ́ o! Kí ẹ tó gba yàrá, ẹ bi lańlọ́ọ̀dù bóyá owó íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ́ǹtì. Bí kò bá sí, ẹ wá èyí tí wọ́n ń san lóṣù kan-kan, kódà kó wọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ, tó sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù lẹ ti ṣe é, ọjọ́ 14 lẹ ní láti yí ọkàn padà. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ ìlú kan náà ni yín. Ṣé ọmọ ìlú kì í sá fún gbèsè ni?

Síso Wi-Fi náà pọ̀ ò le. Ẹ ki ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi káàkiri ilé, bọ ojú ihò rẹ̀ lára ògiri. Orúkọ Wi-Fi àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà tó bá wà nítòsí, wáyà ni kẹ́ ẹ fi so ó. Ìkànnì méjì ló sábà máa ń wà lára ráútà: fún yàrá tó jìnnà, 2.4 GHz ló ń gba ara ògiri kọjá dáadáa. 5 GHz yá jù ú lọ, àmọ́ kì í rìn jìnnà.

Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá kó jáde, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Bó bá ń ti ìta jí fíìmù gbà lórí rẹ̀, ẹni tó ni áàkáǹtì ni wọ́n máa kọ̀wé sí. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ń lọ, ẹ má ju ráútà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbà á padà, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá dá a padà. Ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì póòsì.