Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Fi DUKW Gbé Èrò: Ẹ Yé Fowó Ṣòfò

Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń ra ọkọ̀ ogun tó ń rìn lórí ilẹ̀ àti lójú omi yìí. Èmi tí mò ń tún un ṣe, ó ti sú mi láti máa wò wọ́n níran.

1. Ẹ má kùn ún lọ́dà kí ẹ tó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Láàárín 1942 sí 1945 ni wọ́n ṣe é fún ogun. Irin tó ti dógún tó ti jẹ lẹ ń fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ yẹn.

2. Ẹ dí àwọn ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọ odò. Ó tán.

3. Rọ́bà abẹ́ ọkọ̀. Ibí ló ń bí mi nínú jù. Ṣáfútù tó ń yí táyà ẹ̀yìn gba ara ọkọ̀ jáde, rọ́bà tí wọ́n fi kílíǹpù dè ló ń dá omi dúró níbẹ̀. Ní Lake Hamilton, Arkansas, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1999, wọn ò de rọ́bà yìí dáadáa lára DUKW kan tó ń jẹ́ Miss Majestic. Omi rọ́ wọlé, ọkọ̀ rì, ènìyàn 13 kú nínú 21. Síbẹ̀, oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú sípíkà tuntun àti àga aláwọ. Mo nawọ́ sábẹ́, rọ́bà ń rún sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, pé èrò ń bọ̀ lọ́la. Mo ní kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣé ẹni tó rówó ra sípíkà ni kò rówó kílíǹpù?

Òrùlé ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ dànù! Bí ọkọ̀ bá ń rì, ẹ̀wù ìléfòó á gbé èrò sókè, á há a mọ́ abẹ́ òrùlé. Ìjì jà ní Table Rock Lake, Missouri, ní oṣù keje 2018, irú ọkọ̀ yìí kan rì: ènìyàn 17 kú nínú 31. Òfin Amẹ́ríkà ti ní láti òpin 2022 kí wọ́n yọ òrùlé yìí, tàbí kí wọ́n fi èyí tí kò ní dí èrò lọ́nà àtijáde rọ́pò rẹ̀, àwọn kan ṣì ń bá mi ná iye tápólì òrùlé.

Fóòmù ìléfòó dára, ṣùgbọ́n ẹ má kì í mọ́ ṣáfútù. Bó bá ti fa ọ́ìlì mu, tí ṣáfútù ń gbo ó, iná ni. Odò Thames ní London ló ti ṣẹlẹ̀ ní 2013, tí èrò ń bẹ́ sómi.

Irin gbọọrọ tó di táyà iwájú mú náà, ẹ yẹ ẹ́ wò. Ó kán lórí afárá ní Seattle ní 2015, ènìyàn 5 kú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pọ́ńpù Higgins kúrò torí ó wúwo. Ó ń da omi tó ju 200 gálọ́ọ̀nù lọ síta ní ìṣẹ́jú kan. Ṣáfútù tó ń ti ọkọ̀ lójú omi ló ń yí i, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, òun náà kú, nítorí náà ẹ fi èyí tó ń lo bátìrì kún un. Ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.