Colchicine mi ò ṣiṣẹ́, àṣé oòrùn ló bà á jẹ́

Ẹ̀yin ará láàbù, ẹ gbọ́ o. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá gbòǹgbò àlùbọ́sà tí mo rà l'Ọ́jà Ọba l'Ákùrẹ́ níbí jà. Màá rẹ ẹ́ sínú colchicine 0.05%, kẹ́míkà tó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró, fún wákàtí mẹ́ta, màá pa á láró, màá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì á ṣì máa pín lọ bíi pé n ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kí colchicine ṣe ni pé kó lẹ̀ mọ́ tubulin, pròtéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ microtubule, ìyẹn okùn tínrín tó ń fa krómósómù (ohun tó ru àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì) sápá méjì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín. Tí okùn yẹn ò bá ti sí, ibi metaphase, ìpele tí krómósómù máa ń tò sí àárín sẹ́ẹ̀lì, ni sẹ́ẹ̀lì máa há sí, wàá rí krómósómù 16 ti àlùbọ́sà kedere, ó rẹwà gan-an ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó kéré ni, torí tubulin ewéko kì í gba colchicine tó ti ẹranko, ni mo bá fi kún un, ibì kan náà la ṣì wà. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n kan bi mí pé "Àbúrò, ibo lò ń gbé ìgò yẹn sí?" Ẹ̀bá fèrèsé ni, oòrùn ń pa á látàárọ̀! Ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ colchicine di lumicolchicine, ìyẹn kì í sì í mú tubulin.

Mo po tuntun, mo fi fọ́ìlì wé ìgò ẹ̀, ó di inú fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì metaphase kún síláìdì fọ́fọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, májèlé gidi ni.