Bí mo ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tó di Medicaid wọn mú

Inú láílọ́ọ̀nù tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń kó ìwé ètò ìsìn sí ni mo ti bá lẹ́tà náà. Mẹ́ta ni, wọn ò tíì ṣí ọ̀kankan. Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn tó ń polówó ọjà ni. N ò dá wọn lẹ́bi. Ní Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ti fún èèyàn ní Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, ìwé aláràbarà ni yóò máa rọ́ wọlé, tí àwòrán ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín yóò wà lára rẹ̀. Àárín irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ṣe kókó sá pamọ́ sí: pé kí wọ́n mú ilé-iṣẹ́ kan nínú mẹ́sàn-án tí yóò máa bójú tó ìtọ́jú wọn, bí wọn ò bá mú, ìjọba yóò bá wọn mú un. Ọjọ́ ti kọjá. Ìjọba ti bá wọn mú un.

Ọmọ ọdún 57 ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, ní 2024. Wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n ń rí ò pọ̀. Green card wọn ti lé ní ọdún márùn-ún tí òfin máa ń fi dá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á dúró. Owó tó ń wọlé fún wọn ò sì tó 20,783 dọ́là lọ́dún, tí í ṣe ibi tí wọ́n fàlà sí lọ́dún yẹn fún ẹni tó ń dá gbé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ojú wọn sì ń fẹ́ àmójútó. Dókítà tó mọ gbogbo èyí ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé. Àmọ́ káàdì tuntun tó dé gbé orúkọ dókítà tí a kò mọ̀ rí wá, bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n máa wọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú káàdì náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tiwọn, ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. "Mà, a kì í gba ti ilé-iṣẹ́ yìí."

Bí wọ́n ṣe pè mí nìyẹn. "Ṣebí Medicaid ni wọ́n fún mi? Kí ló wá gbé ilé-iṣẹ́ onílé-iṣẹ́ sáàárín?"

Mo ní kí wọ́n jókòó, torí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Johnson buwọ́ lu òfin Medicaid ní 1965, ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòroó yé: dókítà á tọ́jú ẹni tí ò lówó, á kọ iye owó rẹ̀ ránṣẹ́, ìpínlẹ̀ á san án, ìjọba àpapọ̀ á dá nínú rẹ̀. Bí owó ṣe ń gòkè, àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà tí wọ́n á fi mọ iye tí yóò jáde kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Arizona ló wọ Medicaid kẹ́yìn gbogbo wọn, ní 1982, kò sì fi sísan owó lẹ́yọ-lẹ́yọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1997, òfin tí Clinton buwọ́ lù jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè fi dandan mú ọ̀pọ̀ èèyàn wọ abẹ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ tọrọ àyè àrà ọ̀tọ̀ ní Washington. Ọdún yẹn gan-an ni Maryland bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n pè ní HealthChoice. Lónìí, nínú èèyàn mẹ́rin tó wà lórí Medicaid káàkiri Amẹ́ríkà, bíi mẹ́ta ló wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́. Managed care ni wọ́n ń pè é. Ìpínlẹ̀ á ka orí èèyàn, á san iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ilé-iṣẹ́ á wá máa san owó dókítà àti ti ilé ìwòsàn.

"Capitation nìyẹn!" Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. Mo ti gbàgbé pé yàrá káàdì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá. Láyé ìgbà yẹn, ₦750 ni HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ètò náà sanwó, ń san fún ilé ìwòsàn lóṣù lórí ẹnì kan tó bá wà lábẹ́ NHIS, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. Ẹnì kan á wá lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, ẹlòmíràn ò ní yọjú títí ọdún á fi yípo, ₦750 náà ni. Wọ́n ṣì rántí bí ọ̀gá wọn ṣe máa ń ráhùn tí àwọn tó bá wá bá pọ̀. Wọ́n wá bi mí ní ohun tí èmi ò tíì rò débẹ̀: "Níbí, tí aláìsàn ò bá wá, àpò ta ni owó yẹn ń wọ̀?"

Mo ní ti ilé-iṣẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ṣírò owó náà lọ́nà tí ó kéré tán dọ́là 85 nínú 100 á fi lè lọ sórí ìtọ́jú.

"Á jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ máa lọ déédéé nìyẹn." Wọ́n bá dìde lọ kó oògùn wọn wá.

Mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Metformin, amlodipine, àti ìgò kékeré oògùn ojú kan tí orúkọ rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ bó ṣe wà lára ìgò, pẹ̀lú bí oògùn náà ṣe lágbára tó, torí èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ń san lè má sí nínú ìwé òmíràn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó jẹ mí ní ọjọ́ kan gbáko. Mo pe ọ́fíìsì dókítà, mo ní, "Ṣé ẹ ń gba Medicaid?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn ò wúlò fún ohunkóhun! Ìbéèrè tó yẹ ni pé: nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, èwo àti èwo lẹ ń gbà? Nígbà tí mo tún pè lọ́jọ́ kejì, wọ́n ka mẹ́rin fún mi. Dókítà ojú ka mẹ́ta. Méjì ló bá ara wọn mu. Mo yẹ ìwé orúkọ dókítà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú méjèèjì ṣì kọ àdírẹ́sì tí dókítà ti kó kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ máa pe dókítà fúnra rẹ̀. Oògùn ojú ló wá dájọ́: ilé-iṣẹ́ kan á san án wẹ́rẹ́, èkejì ní kí dókítà kọ́kọ́ kọ̀wé gbàṣẹ. Mo fàlà sídìí èyí àkọ́kọ́.

Àsìkò ṣì wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi èèyàn sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan, òfin fún un ní 90 ọjọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀ láìwí ìdí kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ọjọ́ kọkànlélógójì la wà.

Ẹ̀yìn lẹ́tà ni wọ́n to èdè oríṣiríṣi sí fún ẹni tó bá fẹ́ ògbufọ̀. Yorùbá wà níbẹ̀ láìní àmì ohùn kankan; gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "o", ó parí sí "yin". Ẹ̀gbọ́n mi kà á sókè. "Ṣé ọmọdé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí àgbà?" Síbẹ̀ wọ́n ní Yorùbá làwọn fẹ́, kí n má wulẹ̀ gbẹnu sọ fún àwọn. A pe ìjọba, a dúró lórí fóònù títí ìrẹsì fi jiná lórí iná. Ọkùnrin ògbufọ̀ kan wọlé, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ará Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ọmọ ìlú ibo ni, ó ní wọn ò gba òun láyè láti sọ. Ó túmọ̀ managed care sí "ìtọ́jú tí a ń darí". Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta ló ń darí ta?" Obìnrin ìjọba tó wà níkejì ò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fẹnu ara wọn sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ àti orúkọ dókítà. Ó parí.

Káàdì tuntun dé, orúkọ dókítà tó wà lára rẹ̀ sì ni ti dókítà ìtòsí ilé. Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ti eyín. Ọ̀rọ̀ eyín ò sí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wọ̀nyí rárá, ètò Healthy Smiles ló ń bójú tó o, láti January 2023 ni wọ́n sì ti fi gbogbo àgbà kún un. Káàdì Medicaid tó pupa tó funfun kò gbọdọ̀ sọnù, torí káàdì ilé-iṣẹ́ nìkan ò parí ọ̀rọ̀. Inú ìwé orin ni ẹ̀gbọ́n mi ti bá tiwọn, wọ́n ti ń fi sàmì ojú ewé.

Ohun tó tún kàn báyìí ni òfin July 2025. Bí 2027 bá ti wọlé, àgbà tí ò tíì pé 65, tó wà lórí Medicaid bíi tiwọn, gbọ́dọ̀ máa fi hàn pé òun ṣiṣẹ́, tàbí ṣe ohun mìíràn tí òfin kà kún iṣẹ́, fún 80 wákàtí lóṣù, àfi ẹni tí òfin bá yọ̀ǹda. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ wákàtí wọn sínú ìwé kékeré kan láti ìsinsìnyí. Mo ra fáìlì fún wọn kí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ jọ. Wọ́n ní láílọ́ọ̀nù wọn tó.